Ife Ẹ̀yẹ Tí Mo Fi Ẹnu Mi Gbà

Ẹnu Bàbá Ótìs, bàbá àgbà ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Dúpẹ́ ọmọ mi, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Àmọ́ ọjọ́ tí èmi náà lọ tún un sọ níṣojú ẹbí wọn, bí mo bá gbàgbé orúkọ mi, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ náà.

Bàbá wá kí wa nílé ní Sharpstown, àdúgbò tí à ń gbé l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ní láyé àtijọ́, bàbá àgbà tàwọn wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń gbá mọ́ra sáré. Àwọn mọ́kànlá péré, ọmọ aláwọ̀ dúdú, wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìdíje méje ni wọ́n lọ, méjèèje ni wọ́n ti fìdí rẹmi.

"Ẹnjiníà," bàbá ní, "ìwọ lo máa sọ ọ́ níbi àpéjọ ẹbí wa lọ́dún yìí. Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀tàn nílùú yín."

Àfi bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè! Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ló ń dìde láàárín àna, tí yóò máa ka iye ìgbà tí wọ́n na baba wọn? Bí wọ́n bá torí ẹ̀ ní àwọn ò fẹ́ Dúpẹ́ mọ́ ńkọ́? Mo bá pinnu pé màá tún ìtàn náà ṣe díẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni o.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Mo rí nǹkan roboto kan tó gùn díẹ̀ lórí kéèkì wọn, mo ní bọ́ọ̀lù nìyẹn. Mo gba makirofóònù, mo ní wọ́n borí nínú ìdíje àkọ́kọ́. Gbogbo ilé ranjú mọ́ mi. Èmi rò pé adùn ìtàn ló mú wọn, mo bá fi ìkejì kún un, mo fi ìkẹta lé e. Nígbà tí mo fi dé ìkarùn-ún, àwọn ọ̀tá ti ń bọ́ bàtà sílẹ̀ sá lọ. Ìyàwó mi fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn: "Bàbá Dúpẹ́, ó tó o!" Kí ló tó? Nínú ìkeje ni mo ti fún wọn ní ife ẹ̀yẹ, mo tiẹ̀ nawọ́ sókè bí ẹni gbé e dání.

Bàbá Ótìs fi ọ̀pá dìde. "Ẹnjiníà, àwọn tó nà wá lò ń yìn yẹn!"

Ẹ̀rín bẹ́. Ìtìjú bò mí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ni nọ́ọ̀sì kan nínú ẹbí wọn bá sáré wá, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń wá ibi tí iṣan ti ń lù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé mi.

Dúpẹ́ kígbe, "Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ni, wọn ò dákú! Dádì, ẹ dìde jọ̀ọ́!"

Mo dìde. "Bàbá, ẹ má bínú. Ojú ló ń tì mí láti sọ níṣojú yín pé wọ́n na baba yín."

"Torí pé wọ́n nà wọ́n la ṣe ń péjọ! Wo kéèkì yẹn dáadáa. Òdo ni, wọn ò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n nà wọ́n lẹ́ẹ̀méje, lọ́dún kejì, àwọn mọ́kànlá náà tún padà wá." Wọ́n gé òdo náà, wọ́n gbé e fún mi. "Dúpẹ́ ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ìwọ, ọdọọdún lo máa máa sọ ìtàn yìí, títí wàá fi mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù."

Látìgbà náà, kí n tó yin ará ilé kan, mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tó ń mú orí wọn wú. Bí mo bá sì rí kéèkì báyìí, ẹ̀rín ara mi ni mo máa ń rín.

Ẹ̀yin náà, ẹ sòótọ́: bí wọ́n bá gbé makirofóònù lé yín lọ́wọ́ níwájú àna, ẹ̀ẹ̀melòó nínú méjèèje lẹ máa jẹ́ kí baba wọn fìdí rẹmi?