Sípíkà Owó Màlúù Mẹ́ta

Etí ni àìsàn Àmúdà. Kì í ṣe pé kò gbọ́ràn o. Lójú ara rẹ̀, ó gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ ni. Àwọn èèyàn tó kù ní Ìsàlẹ̀-Tábà ní Ṣakí, etí lásán tí Ọlọ́run fún wọn ni wọ́n fi ń gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n etí ti Àmúdà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ, ti gbé Èkó fún ọdún méjì gbáko, ó sì ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ló ń tà. Ọjà náà tà gan-an lọ́dún 1978, nítorí ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó lọ sí Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì kì í jẹ́ kí alùpùpù kankan dàgbà dọ́jọ́ ogbó. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wá tẹ owó díẹ̀, àwọn aládùúgbò rò pé yóò pààrọ̀ páànù ilé rẹ̀ tó ń jò ni. Àmúdà wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, ó sì ra sípíkà méjì tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Jámánì.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga tó ọmọ ọdún méje. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, Àmúdà kọ̀ kí wọ́n gbé wọn sórí ọkọ̀. Ó sanwó ìjókòó méjì fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí kò sí àyè mọ́, òun fúnra rẹ̀ lọ há ara rẹ̀ sáàárín àpò iyọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí eruku ti ń wọlé bó ṣe wù ú. Bí ọkọ̀ ṣe dúró ní Ṣakí, sípíkà méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń dán. Ẹni tó ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó pupa bí ẹni tí wọ́n fi osùn kùn látorí dé ẹsẹ̀. Sàrátù, ìyàwó rẹ̀, wò ó títí kó tó mọ̀ pé kì í ṣe alágbàṣe tó bá wọn ru ẹrù.

"Èló lẹ ra nǹkan yìí, Bàbá Fàtímọ̀?" ni Sàrátù bi í.

"Owó màlúù mẹ́ta."

"Màlúù a sì máa bímọ."

"Ìyá Fàtímọ̀, ṣé màlúù ní báàsì ni?"

Láti ọjọ́ náà ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Àlejò kò gbọdọ̀ jókòó síbi tó wù ú. Àga kan ṣoṣo wà, tí Àmúdà fi ẹfun sàmì sílẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Bí àlejò bá ti jókòó síbẹ̀, Àmúdà á bá a di orí mú, á tì í díẹ̀ sápá ọ̀tún, á ní kó má mí rárá.

"Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn gan-an ni ohùn méjèèjì ti ń pàdé," á wí bẹ́ẹ̀. "Láàárín iwájú orí yín."

Àlejò á fọwọ́ kan iwájú orí, á ní lóòótọ́, òun ti ń gbọ́ ọ níbẹ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé iwájú orí òun kò gbọ́ràn? Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun kò rí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti rédíò ilé òun, Àmúdà á mi orí, á ní bí ọmọdé bá ní sípíkà bí àgbà, kò lè ní etí bí àgbà.

Òfin kejì, orí Sàrátù ló já lé. Ọmọ ìlú Okaka ni Sàrátù, orin wákà ló sì máa ń fi lọ ata láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Àmúdà ní kó dákẹ́.

"Ohùn rẹ dà bí ọlọ," ó ní. "Ó ń ha sípíkà lára."

Bẹ́ẹ̀ ni Sàrátù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata láìsọ̀rọ̀, èyí tí kò dára fún ata, tí kò sì dára fún ọkọ.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ọ̀jẹ̀túndé, tó ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù Àmúdà, rí sípíkà àlòkù kan tí ẹnì kan gbàgbé sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò ní pákó tó fi máa kan àpótí rẹ̀. Ó wá de é mọ́ ẹnu àmù omi kan tó ti sán nídìí, ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń lu àwo, ó sì gbé àwo orin sí i. Àmù náà kọrin. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń kọjá fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn kò mọ èyí tó dára jù, ti Jámánì ni o, ti alámọ̀ ni o. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àmúdà, ẹ sì ti mọ irú etí tó jẹ́.

"Àmù?" ó ní. "Èyí tí à ń bu omi mu nínú rẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Fàtímọ̀," ni Ọ̀jẹ̀túndé fèsì. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sílé yín, ká gbọ́ méjèèjì pọ̀, kí ọ̀rọ̀ tán."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pálọ̀ Àmúdà kún. Wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ìkángun ẹ̀yìnkùlé kí ariwo rẹ̀ má baà dí wọn lọ́wọ́. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, tó dàgbà jù ládùúgbò, tí ẹnikẹ́ni kì í já ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní koro, ni wọ́n fi ṣe onídàájọ́.

Ọ̀jẹ̀túndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ sípíkà Jámánì wò. "Bàbá Fàtímọ̀, páálí tó wà níwájú rẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Asẹ́ ni," ni Àmúdà dáhùn, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi òun. "Bí ìgbà tí èèyàn bá ń sẹ́ ògì ni. Ohùn tí a kò bá sẹ́, èèrí máa ń wà nínú rẹ̀."

Ọ̀jẹ̀túndé fa páálí náà díẹ̀. Ó yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ya ọwọ́ méjì sí, tó ń fa páálí kan náà yọ. Wọ́n kàn fi bo ojú sípíkà ni kó má baà fara pa lọ́nà, wọn kò sì ṣe é pé kó kọjá ọjọ́ tí èèyàn bá gbé e délé.

Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, tó ti jókòó sórí àga ẹfun nígbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Kí ni mo wá ń gbọ́ látọjọ́ yìí?"

Ẹlòmíì ì bá ti jókòó jẹ́ẹ́. Ara Àmúdà gbóná. Ó dìde láàárín èrò.

"Ẹ ta aṣọ," ó ní. "Kí Ọ̀jẹ̀túndé wà lẹ́yìn aṣọ, kó lu èyí tó bá wù ú. Bí n kò bá dá ohùn sípíkà mi mọ̀, ká tà á. Kí Ìyá Fàtímọ̀ fi owó rẹ̀ ra máṣíìnì ìránṣọ tó ti ń bẹ̀ mí fún láti ọdún mẹ́rin."

"Mo gbọ́," ni Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Gbogbo wa la gbọ́."

Sàrátù tó ń gbé omi kiri fún àlejò gbọ́ pẹ̀lú. Ó gbé ife kalẹ̀, ó ní òun ń lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Àmúdà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n ta aṣọ ìbora kan dábùú pálọ̀. Àwo wákà kan tí Àmúdà máa ń lù láràárọ̀ ni wọ́n yàn, wọ́n sì fẹnu kò pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan làwọn yóò gbọ́, níbi tí obìnrin náà ti ń dá kọrin kí ìlù tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni orin yóò dún. Àmúdà jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì di ojú.

Èkíní dún. Àmúdà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àmù nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọ bí ẹni tó ki orí bọ kànga, tó ń pe ìyá rẹ̀."

Èkejì dún. "Àmù náà ni. Ọ̀jẹ̀túndé kàn yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Mo tilẹ̀ ń gbọ́ omi nínú rẹ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà jáde pẹ̀lẹ́, ó gòkè, ó rọ̀ sókè bí àṣá tó na ìyẹ́, ó sì rọra padà wálẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àmúdà. Ó gbọ́ ibi tí obìnrin náà ti mí. Ó gbọ́ itọ́ tó gbé mì. Lójijì ni Okaka wá sí i lọ́kàn, àti ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ lọ tọrọ ìyàwó, kò sì mọ ohun tó mú òun rántí rẹ̀. Nígbà tó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tutù.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Ẹ gbọ́ ohun tí owó ń ṣe. Ibo ni àmù ti fẹ́ rí irú èyí? Bí ẹni pé obìnrin náà dúró síwájú mi ni. Ó ku díẹ̀ kí n na ọwọ́ kàn án."

"Nà á," ni Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì wí.

Àmúdà na ọwọ́. Ẹnì kan fa aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ Àmúdà bà lé èjìká Sàrátù, tó mú ṣíbí ọbẹ̀ dání, tó sì ń kọrin lọ láìdúró. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ti Àmúdà, ohun tó wà lẹ́yìn aṣọ ju àmù lọ.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé ò rẹ́rìn-ín, nítorí aládùúgbò ni. Ó kàn sọ jẹ́jẹ́ pé, "Èkíní yẹn, ti Jámánì ni, Bàbá Fàtímọ̀. Èkejì ni àmù."

"Mo mọ̀," ni Àmúdà wí. "Mo kàn ń dán yín wò ni."

"Ta ló wá ń sunkún?" ni Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì béèrè.

Àmúdà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ lo ń kọ ọ́?"

"Èmi ni," ni Sàrátù dáhùn. "Ọdún mọ́kànlá ni sípíkà yìí ti wà nínú ilé yín. Ẹ̀yin ni ẹ kò so wáyà rẹ̀."

Sàrátù padà sídìí ọbẹ̀, ó sì ń kọrin lọ, ẹnikẹ́ni kò ní kó dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Festus, olùkọ́ kan láti Ìgbòho, gbọ́ pé sípíkà Jámánì wà fún títà, ó sì wá wò ó. Àmúdà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé àwo sí i, ó fi àga han àlejò, kò sì bá a yí orí. Orin gba gbogbo ilé. Festus di ojú, ó ń mi orí.

"Ohùn yìí mọ́ gan-an o, ọ̀gá," ni Festus wí. "Ṣé sípíkà yìí náà ló ń dún báyìí?"

Àmúdà ní kí olùkọ́ jọ̀wọ́ fún òun ní ìṣẹ́jú kan. Ó dìde, ó sì lọ yọjú wo ẹnu Sàrátù ní ilé ìdáná ná, kó tó dá a lóhùn.