Àmì Ohùn Tó Já Bọ́ Lára Balógun

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹyin lohùn, bó bá já bọ́, fífọ́ ló ń fọ́? Àwọn kan á ní nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Wọn ò parọ́, wọn kàn ò sí níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Ẹ má sì bi mí bóyá fóònù ti dé láyé àwọn àgbà, nítorí àgbà tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò tíì hu ewú kan ṣoṣo.

Ní Iléṣà, Ọlásìmbọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ládàpọ̀, àti àbúrò wọn Fẹ́yíṣayọ̀ ní eré kan tí wọ́n máa ń ṣe nídìí tábìlì lọ́sàn-án Sátidé. Ọlásìmbọ̀ á máa pìtàn ìlú kan tí kò sí níbì kankan. Ládàpọ̀ ni Balógun ìlú náà, Fẹ́yíṣayọ̀ sì ni àgbẹ̀ kan tó gbọ́n ju ọba lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dán nǹkan wò, bóyá kó fo odi tàbí kó tan ẹ̀ṣọ́ jẹ, wọn á ju dáìsì bíi ti lúdò, ohun tí dáìsì bá wí náà ni yóò ṣẹ. Bí ìtàn ṣe ń gùn láti ọdún dé ọdún nìyẹn, tí Ọlásìmbọ̀ ń kó gbogbo rẹ̀ sórí.

Nígbà tó yá, Ládàpọ̀ kó lọ sí Kánádà. Ọlásìmbọ̀ sì ti mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó rìn jìnnà á kọ́kọ́ máa pè lójoojúmọ́, á di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tó bá yá, á ku "ẹ kú ọdún tuntun." Ìyá wọn ti kú, bàbá wọn ti kú. Eré yìí nìkan ló kù tó ń kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, kò sì fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní àfi kí òun wá áàpù orí fóònù tí yóò gbé tábìlì náà dé Kánádà.

Ó yẹ áàpù mẹ́ta wò bí ẹni ń ra iṣu. Ti àkọ́kọ́ lẹ́wà, igbó tí wọ́n yà sínú rẹ̀ dà bíi kí ẹyẹ fò jáde, ṣùgbọ́n dátà tó ń jẹ pọ̀ ju oúnjẹ inú ilé lọ. Èkejì mọ gbogbo nǹkan, àfi kó fi ibi tí ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Ẹ̀kẹta ló wọ̀ ọ́ lójú: ó fúyẹ́, ó ń ju dáìsì fúnra rẹ̀, ó sì ń pa ẹrù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú ìtàn mọ́. Wọ́n tún lè máa tẹ ọ̀rọ̀ síra wọn nínú rẹ̀, kí ìtàn náà lè wà nílẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ ní bíbéèrè ni Ọlásìmbọ̀ béèrè. Kò kàn béèrè bóyá áàpù náà gbọ́ Yorùbá ni.

Fẹ́yíṣayọ̀ fi òfin kan lé e. "Àǹtí Sìmbọ̀, ohun tí áàpù bá kọ ni abẹ gé o. Bọ̀ọ̀dá Ládàpọ̀ kì í rí ìjà kí wọ́n má rántí idà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí."

"Mo gbà," ni Ládàpọ̀ wí lórí fóònù. "Ẹni tí ẹrù ẹ̀ pé kì í sá fún àyẹ̀wò."

Ọlásìmbọ̀ to ẹrù Balógun sínú áàpù: ọ̀kọ̀ kan tí yóò fi jà, ọkọ̀ kan tí yóò fi sọdá odò. Bó ti fi í pa mọ́ báyìí, áàpù gbọn gbogbo àmì ohùn dànù bí ẹni ń gbọn yanrìn kúrò lára ẹní. Kò tún un wò.

Sátidé dé, nínú ìtàn náà àwọn ọlọ́ṣà dí etí odò. (Èmi ni mò ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ wọn fún yín.)

"Mo fa ọ̀kọ̀ mi yọ," ni Ládàpọ̀ tẹ̀.

"Oko ni mo rí níhìn-ín, Bọ̀ọ̀dá," ni Fẹ́yíṣayọ̀ tẹ̀. " Oko méjì. Ẹ̀gẹ́ lẹ fẹ́ fà yọ ni àbí iṣu?"

"Fẹ́yí, o mọ̀ pé ọ̀kọ̀ ni."

"Abẹ ti gé e."

Ṣùgbọ́n ojú Ládàpọ̀ náà ti dé ibi ẹrù àgbẹ̀. Ọkọ́ méjì tí Fẹ́yíṣayọ̀ fi ń ro ilẹ̀ ti di "oko meji." Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ tí o ní ọkọ méjì, kí wọ́n wá gbà ọ́."

"Wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn méjèèjì sì lágbára jù yín lọ."

Áàpù ju dáìsì, ó bọ́ sí iye tó ga jù. Báyìí ni ọkọ méjì tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ṣe lé ọlọ́ṣà wọ igbó, tí Balógun dúró gbagidi láàárín oko rẹ̀. Ọlásìmbọ̀ rí i pé inú ẹ̀gbọ́n òun ń bàjẹ́. Ó sáré tẹ̀ ẹ́ pé ọba fún Balógun ní ọ̀wọ̀ lójú gbogbo ìlú. Ó di "oba fun Balogun ni owo."

"Ẹ kú oríire, Bọ̀ọ̀dá," ni Fẹ́yíṣayọ̀ wí. "Ọba fún yín ní ọwọ̀. Ẹ bá wa gbá ààfin kẹ́ ẹ tó jókòó."

Ládàpọ̀ tẹ̀ ẹ́ pé, "Sìmbọ̀, ibi yìí tutù, n ò mọ ẹnikẹ́ni. Eré yìí ni mo ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ retí. Ó jọ pé ẹ̀yin méjèèjì ti tó ara yín. Ẹ jẹ́ n máa lọ."

Ọlásìmbọ̀ sáré tẹ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an: Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má lọ.

Orúkọ Ládàpọ̀ kúrò lójú fóònù.

Fẹ́yíṣayọ̀ gbójú sókè. "Àǹtí, kí lẹ wá lé wọn fún?"

"Ta ló lé wọn? Mo ní kí wọ́n má lọ."

"Ẹ máa lọ lẹ kọ síbí."

Ọlásìmbọ̀ wò ó. "Booda mi, e ma lo." Òun fúnra rẹ̀ kà á bí àlejò ṣe máa kà á, ó sì rí i pé òun lé ẹ̀gbọ́n òun jáde pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ó pè é. Kò gbé e. Ó tún pè.

"Kí ló tún kù?" ni Ládàpọ̀ wí. "O ṣáà ti ní kí n máa lọ."

"Má. Ẹ má lọ. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Ṣé má ni?"

"Má ni. Ta ni mo ní tí màá lé yín?"

Ládàpọ̀ bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Àwọn ọkọ Fẹ́yí ńkọ́?"

"Wọ́n wà," ni Fẹ́yíṣayọ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn. "Wọ́n ní kí n kí yín."

Láti Sátidé yẹn, fóònù kan ni wọ́n ń gbé sáàárín tábìlì, tí ohùn Ládàpọ̀ ń jáde nínú rẹ̀. Fẹ́yíṣayọ̀ ń bá a ju dáìsì, Ládàpọ̀ sì ń fẹ̀sùn ìrẹ́jẹ kàn án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ládàpọ̀ pé pẹ̀lú gbogbo áàpù tó wà láyé, kí ló dé tí wọ́n fi ń pariwo síra wọn báyìí, á ní, "Ohùn díẹ̀ ló já bọ́ lọ́jọ́sí. Mo fi oko jagun, ọba fi ọwọ̀ dá mi lọ́lá, àbúrò mi bẹ̀ mí kí n dúró, mo sì kó ẹrù mi. Ẹyin lohùn. Bó bá já bọ́, fífọ́ ló ń fọ́."