Ẹsẹ̀ Lásán ní Ilé-ìwé Fèyí

Ọjọ́ kan wà tí òjò winniwinni fọ ẹsẹ̀ mi láti Rye Lane dé ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi. Ọjọ́ náà ò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Òjò Peckham ní London níbí kì í rọ̀ bí òjò tiwa. Ṣe ló máa ń tutọ́ síni lára díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ojú ọjọ́ ṣú, atẹ́gùn ń wọ eegun, èmi rèé nínú sùtánà funfun, mi ò wọ bàtà.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé orí mi dàrú, ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Àdúrà àárọ̀ ni mo lọ ṣe. Ìró àti bùbá tí mo fẹ́ pààrọ̀ sí, pẹ̀lú bàtà mi, wà nínú báàgì nínú mọ́tò ọmọ mi, ìyá Fèyí. Ó já mi sílẹ̀, ó kọrí síbi iṣẹ́ ní Lewisham, báàgì bá a lọ. Mo pè é títí, kò gbé fóònù.

Ọjọ́ náà ni wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìtàn àwọn èèyàn dúdú nílé-ìwé. Tíṣà ní kí ọmọ tó bá ní àgbà nílé mú un wá, kó wá sọ bí wọ́n ṣe ń gbé nígbà èwe rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìyá Fèyí ṣèlérí, iṣẹ́ ò jẹ́ kó lọ, ọmọ náà sunkún wálé. Láàárọ̀ yẹn ó dì mọ́ mi: "Grandma, promise pé ẹ máa wá o." Mo ní, "Àfi bí mi ò bá sí láyé." Ṣé kí n wá torí bàtà já ọmọ kulẹ̀?

Mo wọ bọ́ọ̀sì. Bàbá kan gbé àpò iṣu rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àdúrà, ẹ rántí mi nínú àdúrà." Mo ní, "Gbé iṣu kúrò lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ná."

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Rye Lane, mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé. Obìnrin òyìnbó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo aṣọ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi. Gẹ̀ẹ́sì mi ò pọ̀, àmọ́ mo gbọ́ ohun tó bi mí. Ibo ni mo ti ń bọ̀? "Church." Ta ló ń tọ́jú mi? "God." Bí mo ṣe ń dáhùn ni àánú mi ń ṣe é sí i. Ó fi kúbùsù bò mí, ó fún mi ní tíì, ó gbé fóònù, ó ní ìyá àgbà kan ti ṣìnà kúrò nílé àwọn arúgbó, kí wọ́n wá mú un o.

Mò ń gbọ́ àtẹ́wọ́ nínú họ́ọ̀lù. Mo dìde. "I am Grandma!"

Ó rọra gbá mi léjìká. "Of course you are, darling."

Ibẹ̀ ni Fèyí ti yọjú. Ó ti sọ fún tíṣà pé òun fẹ́ tọ̀, kó lè wá wò mí lẹ́nu ọ̀nà. Omi ti ń lé ròrò lójú ẹ̀. "Grandma! Kí lẹ jókòó ṣe níbí? It's my turn!" Ojú obìnrin náà pọ́n bí ata rodo.

Mo wọ họ́ọ̀lù tòun ti kúbùsù. Gbogbo ojú wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọmọ kan béèrè bàtà mi. Kí n tó lanu, Fèyí ti dáhùn pé bí Yorùbá ṣe ń sọ̀tàn nìyẹn, pé gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà. Háà! Ká tó ṣẹ́jú, bàtà ti ń fò. Ọ̀gá ilé-ìwé náà bọ́ tiẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀ tó lu. Òórùn ìbọ̀sẹ̀ gba ibi gbogbo. Àbí kí n ní irọ́ lọmọ mi pa? Mo jókòó, mo sọ bí a ṣe ń fẹsẹ̀ lásán pọnmi lódò, àti bí mo ṣe fọ́ ìkòkò ìyá mi tí mo ní ewúrẹ́ ló tì mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Fèyí gbé àgbọ̀n sókè bí ìyàwó ọba.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá ní òde í lọ, kó má fi bàtà sílẹ̀ nínú mọ́tò ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, mo fọ kúbùsù, mo wọ bàtà mi tó nípọn jù, mo dín pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù dání, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Tíṣà Fèyí pàdé mi lọ́nà, ó ní látàárọ̀ làwọn ọmọ ò ti jẹ́ kóun ka ìwé ìtàn fún wọn, àfi kóun bọ́ bàtà; wọ́n ní àṣà ni. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní ṣé n ò ní wọlé kí wọn?

Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀, mo tú okùn bàtà.