Bíríkìlà Tó Mọ Wáìnì Ju Adájọ́ Lọ

Kò sí ohun tí Mo-ti-mọ̀ kò tí ì mọ̀ rí. Bí o bá ní òjò ń bọ̀, á ní òun ti gbọ́ láti àná. Bíríkìlà ni. Bó bá ń to búlọ́ọ̀kù, ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ ti okùn ìwọ̀n.

Láyé àtijọ́, ohun tí àwọn ọlọ́lá ìlú rẹ̀ bá rí ni wọ́n ń mu, àfìgbà tí adájọ́ kan ti òkè òkun dé tòun ti ogójì ìgò wáìnì. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í bi ọ́ mọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Ohun tó wà nínú ife rẹ ni wọ́n ń wò. Mo-ti-mọ̀ ló kọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí adájọ́ ń kó ìgò sí, ló bá ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gba òun sí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá tó ń bá a tọ́ wáìnì wò. Wọ́n ní kó wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n wò ó. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n ti gbà á.

“Bí bíríkìlà bá mọ ọwọ́ wẹ̀,” ni ọkọ wí bó ṣe ń wọ bàtà, “á bá adájọ́ mutí.”

Nílé adájọ́, agbọ́tí, bàbá arúgbó kan, ṣí ìgò, ó na igi fífúyẹ́ tí wọ́n fi dí i lẹ́nu sí Mo-ti-mọ̀ kó gbóòórùn rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ jù ú sẹ́nu, ó rún un títí, ó gbé e mì, ó ní ó gbẹ díẹ̀. Agbọ́tí bu wáìnì tín-ń-tín sínú ife rẹ̀ pé kó tọ́ ọ wò.

“Bàbá, ṣé ẹyẹ lẹ fẹ́ fún lómi ni?”

Wọ́n bá bù ú kún. Adájọ́ àti àwọn ọlọ́lá márùn-ún tó kù á mu díẹ̀, wọ́n á yí i lẹ́nu, wọ́n á rọra tu ú sínú abọ́ fàdákà tó wà láàárín tábìlì. Mo-ti-mọ̀ kò rí wọn: ó ti dijú, ó ki imú bọ ife bí ẹni tó ń yọjú wo kànga. Ìgbà tó lajú, abọ́ ti kún. Ó gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ń bu ojúlówó pamọ́ sí. Kí agbọ́tí tó la ẹnu, ó ti mu ún dé ìdajì.

“Èyí ni wáìnì! Ó ti pẹ́ nílẹ̀, àbí mo purọ́?”

Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí, ó nu omijé ojú rẹ̀. “Kò pẹ́ rárá, Bíríkìlà. Ẹnu àwa mẹ́fà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde.”

Ìgbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò ti to lẹ́nu ọ̀nà.

“Baálé mi, kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la.”

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ohun tí kò sọ ni pé adájọ́ ní kó mú irinṣẹ́ dání, kó wá mọ ibi ìtutọ́ kan mọ́ ara ògiri, èyí tí onímọ̀ kankan kò ní lè gbé sẹ́nu.