Ọjọ́ Tí Mo Yá Fóòmù Nítorí Àlejò

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, títí kan ibi tí mo fi gíláàsì ojú mi sí láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Èmi ni màtírọ́nì nílé ìwé ọ̀fẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìkọ̀yà. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lágbára ló ń gbé ibẹ̀: ọmọ òrukàn, ọmọ àgbẹ̀ tí nǹkan ò rọgbọ fún, ọmọ apẹja láti etí òkun tí omi gbé ilé wọn lọ. Ohun tó ń dùn wá jù ni yàrá àwọn obìnrin. Bẹ́ẹ̀dì onípákó wà níbẹ̀, fóòmù ni ò sí. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rìnlá ń tẹ́ ẹní sórí pákó gbalasa.

Ọ̀gá ilé ìwé wa kọ̀wé sí àjọ aláàánú kan l'Ékòó pé kí wọ́n fún wa ní fóòmù. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ wá fojú ara àwọn rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ọ̀gá tó lọ pàdé wọn l'Ókìtìpupa, ó ní, "Màtírọ́nì, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ilé bó ṣe wà o."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà."

Kò yẹ kó fọkàn balẹ̀ rárá. Nílé tiwa, ta ló máa ń jẹ́ kí àlejò rí ẹní tó ya? Ìyá mi, bí àlejò bá ń bọ̀, á yá àga lọ́wọ́ aládùúgbò, á yá àwo, á tún yá ẹni tó máa bá a gbé e. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Bí ọ̀gá ṣe yíjú padà báyìí, mo bọ́ sínú ìlú, mo ń yá fóòmù láti ojúlé dé ojúlé. Kó tó di agogo mẹ́wàá, mẹ́rìnlá ti pé. Mo tẹ́ aṣọ olódòdó lé wọn, mo kó àwọn ẹní pamọ́ sẹ́yìn igi ìdáná. Mo wá kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, kí wọ́n ní àwọn ń sùn dáadáa.

Obìnrin gíga kan ló ṣáájú àwọn àlejò, ó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Ó wo bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ilé ìwé wa tó tẹ̀ lé wọn wọlé wo fóòmù, ó wá wò mí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣàpèjúwe ojú tó fi wò mí.

"Ẹ gbìyànjú gan-an," obìnrin náà wí. "Fóòmù kì í ṣe ìṣòro yín nìyẹn." Ó fa ìlà pa nǹkan kan nínú ìwé rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọpọlọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Mo ní, "Wọ́n ti gbó, mà, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò." Mo ká aṣọ kúrò lórí èyí tó sún mọ́ mi. Ti ìyàwó díákónì kan nínú ìlú ni, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Mo ní kí n fi oúnjẹ tún un ṣe. Mo gbé púpurú gbígbóná, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, kalẹ̀ pẹ̀lú ẹja tútù ńláńlá tí mo tọrọ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, ó ní, "Àwọn ọmọ yìí ń jẹun o." Ó tún fa ìlà.

Kò tíì gbé bírò sílẹ̀ tí díákónì fi wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ò sọ fún un kó tó yá mi ní fóòmù. Ó ti oko dé, ó fẹ́ nà gbalaja, pákó ló bá. Ó kí àwọn àlejò, ó bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe rí, ó bi wọ́n nípa ilé, ó wá yíjú sí mi. "Màtírọ́nì, ẹ̀yìn ń ro mí. Fóòmù mi dà?" Ó wọ yàrá, ó gbé e lérí, ó lọ. Àwọn tó kù rí i lójú ọ̀nà, wọ́n rò pé àsìkò ti tó láti gba tiwọn. Kò pẹ́ tí fóòmù fi ń tò lọ sílé lórí wọn bí ìjàlọ.

Obìnrin náà pa ìwé dé. "Ẹ̀ ń tàn wá jẹ," ó wí, ó sì kọrí sí ọkọ̀.

Mo kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀. "Mà, èmi ni mo ṣe é, ọ̀gá ò mọ̀ sí i. Ojú ló tì mí kí ẹ rí ẹní wa."

Obìnrin náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó pe Mosún, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án láti etí òkun, tó fara ti ògiri. "Báwo lẹ ṣe ń sùn?"

"Màtírọ́nì ní ká sọ pé à ń sùn dáadáa, mà."

"Ṣé òótọ́ ni?"

Mosún wò mí, ó wolẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ máa ń dùn mí, mà. Mo máa ń yí síbí, yí sọ́hùn-ún, títí wọ́n á fi lu aago òwúrọ̀."

Obìnrin náà ní kí n gbé ẹní kan wá. Èyí tí mo fà yọ, adìẹ ti yé sórí rẹ̀. Ó gbọn ẹyin dànù, ó tẹ́ ẹní náà sórí pákó, ó dùbúlẹ̀ tòun ti léèsì ọrùn rẹ̀. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi dìde, tó di ìbàdí mú. Ó ṣí ìwé, ó ń kọ nǹkan.

Fóòmù mẹ́rìnlá dé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Lálẹ́ ọjọ́ náà Mosún sùn dé ibi pé wọ́n lu aago, kò gbọ́. Èmi ni mo lọ jí i, omi sì bọ́ lójú mi. Èmi ni ojú ń tì nítorí ẹní yẹn, ọmọ yìí ló ń sùn lórí rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ìtìjú tèmi gba fóòmù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àjọ náà kọ lẹ́tà mọ́ fóòmù náà pé àwọn á máa wá wò wá, ṣùgbọ́n àwọn ò ní sọ ọjọ́. Lóṣù tó kọjá, irun mi ò tíì dì dé ààbọ̀, mo ń lé ewúrẹ́ kúrò nílé ìdáná, mo gbójú sókè, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo fi orí bẹ́ẹ̀ kí wọn káàbọ̀, mo sì bú sẹ́rìn-ín.