Iṣẹ́ Tí Kẹ́hìndé Rán Ìjímèrè

Mobọ́lájí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka àwọn ọ̀bọ etí odò Chanchaga àti dídáàbò bò wọ́n, bá Bàbá Àlàbá lórí àpótí nínú oko àgbàdò rẹ̀. Ìjímèrè kan wà nínú àgò adìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Maitumbi wá rà á kí ọ̀sán tó pọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àgò yẹn."

"Kú àbọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Olè tí mo mú ló wà níbẹ̀."

"Lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlélógún ni mo kà níbí. Lónìí, mẹ́fà. Akọ kan ṣoṣo tó kù láàárín wọn lẹ tì mọ́lé yìí."

"Mẹ́fà tí o kà yẹn, ṣé o ka ikùn wọn? Poro mẹ́rin ni wọ́n jẹ lọ́sẹ̀ yìí."

"Báyìí náà ni ìnàkí ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó wa, Bàbá. Ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la."

"Èmi àti ìnàkí ò ní ìjà. Bá mi kí i."

Mobọ́lájí ká ìwé òfin tó mú wá, ó tì í bọ inú báàgì.

"Bàbá, Àlàbá ni wọ́n sọ yín. Ta ni wọ́n bí ṣáájú yín?"

"Ìdòwú."

"Ṣáájú Ìdòwú ńkọ́?"

Bàbá wò ó, ó wo àgò. "Táyé àti Kẹ́hìndé. Mo ti rí ibi tí ò ń lọ. Edun ni ìbátan ìbejì. Ìjímèrè lèyí."

"Ṣé ìjímèrè àti edun kì í ṣe ẹbí ni?"

"Díákónì ni mí ní ìjọ Onítẹ̀bọmi."

"Ìyá yín tó ń se ẹ̀wà fún ìbejì ńkọ́?"

"Akọrin ni wọ́n nínú ìjọ kan náà. Ẹ̀wà yẹn máa ń dùn. Tóò, ó dáa. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò tà á mọ́."

Mobọ́lájí mí kanlẹ̀.

"Ilé ni mò ń gbé e lọ," Bàbá ní. "Ta ló ń fi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sílẹ̀ sínú igbó, lásìkò òjò?"

Mobọ́lájí rí i pé ọwọ́ òun lòun fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n náà pa. Ó fà sún mọ́ àpótí.

"Èwo nínú wọn ni, Bàbá? Táyé ni àbí Kẹ́hìndé?"

"Òun ló ṣáájú wọn wọ oko. Táyé ni."

"Ta ló máa ń rán Táyé níṣẹ́?"

"Kẹ́hìndé ni. Kó lọ tọ́ ayé wò."

"Ó ti rán an wá tọ́ àgbàdò yín wò nìyẹn. Ó wà nínú igbó lọ́hùn-ún, ó ń retí èsì. Bí èsì ò bá wá dé ńkọ́?"

Bàbá Àlàbá wo etí igbó. Ó wo poro mẹ́wàá tó kù.

"Á wá fúnra ẹ̀."

"Òun nìkan?"

"Haba. Tòun ti gbogbo ará ilé."

Ìró kẹ̀kẹ́ ọkùnrin Maitumbi náà dún lọ́nà. Bàbá dìde, ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú àgò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé. Ẹ sọ pé àgbàdò Àlàbá korò. Ẹ ní kòkòrò ti bà á jẹ́."

Ó ṣí àgò. Ìjímèrè jáde, ó ya àgbàdò kan, ó tọ́ ọ wò, ó ya méjì sí i, ó kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ó wọ igbó lọ.

Mobọ́lájí ò lè wojú bàbá. Bàbá Àlàbá padà jókòó sórí àpótí, ó dé fìlà rẹ̀.

"Táyé ni lóòótọ́," ó ní. "Àtikékeré ni kì í ti í bá mi purọ́."