Ọ̀pá Irin Mẹ́sàn-án

Ọdún kejìlélógún rèé tí Bàbá Ọlọ́dà ti ń kun afárá àtijọ́ tó so apá méjì ìlú pọ̀, kò sì parí ẹ̀ rí. Tó bá ti kù díẹ̀ kó dé òpin, òjò á dé, ọ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ á ti máa ṣí. Ọdún yìí nìkan lojú ọ̀run ṣàánú ẹ̀: ọ̀pá irin mẹ́sàn-án péré ló kù. Àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ kùn wọ́n gan-an ni ọmọbìnrin kan dé akoto wá bá a lórí afárá, ó ní òun ni ẹnjiníà tí ìjọba rán wá yẹ afárá wò, torí wọ́n fẹ́ wó o, kí wọ́n kọ́ tuntun.

Inú Bàbá bàjẹ́, kò sì fi bò.

"Afárá yìí ti gbó, Bàbá."

"Èmi náà ti gbó, ọmọ mi. Ta ló ń wó mi?"

"Ó ti pé ọgọ́rin ọdún."

"Ẹni tó bá pé ọgọ́rin ọdún, ṣebí oríire là ń kí i."

"Irin ẹ̀ ti dógùn-ún."

"Níbo? Ibi tó bá dógùn-ún láàárọ̀, mo ti kùn ún kó tó di ọ̀sán."

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Ẹ kàn ń bò ó ni, ẹ ò wò ó sàn."

"Ṣé aṣọ tí o wọ̀ yìí wò ọ́ sàn? Ṣebí ó kàn bò ọ́ ni, ara sì tù ọ́ nínú ẹ̀."

Ẹnjiníà gbìyànjú láti tù ú nínú. Ó ní kọnkéré ni tuntun náà máa jẹ́, kò ní í fẹ́ ọ̀dà láéláé. Ìyẹn dun Bàbá ju wíwó lọ.

"Ẹ ó wá sinmi, Bàbá."

"Ẹni tí ò parí iṣẹ́ rí, báwo ló ṣe ń sinmi? Fi mẹ́sàn-án yìí sílẹ̀ fún mi. Tí mo bá ti parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré láyé mi, kí wọ́n wá wó o."

Àánú ṣe ọmọ náà. Ó ní bí irin bá ṣì le, òun á kọ ọ́ pé kí wọ́n ní sùúrù títí oṣù á fi parí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀pá kan tí Bàbá ti kùn, ó fi ọ̀bẹ ha á. Àwọ̀ ewé ṣí. Búlúù ṣí. Pupa ìjọba àná ṣí, àti àwọ̀ ìyeyè tí Bàbá fúnra ẹ̀ ti gbàgbé. Ọ̀bẹ bá yọ sí òdìkejì. Ojú ihò náà ni wọ́n ti rí odò.

"Irin ti jẹ tán, Bàbá. Ọ̀dà yín ló kù."

Bàbá fi ojú wo ihò náà.

"Àṣé orí ọ̀dà mi ni gbogbo ìlú ń gbà kọjá."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ. Kọ ọ́ gàdàgbà."

"Mo máa kọ ọ́." Ẹnjiníà rọra dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo la máa gbà kúrò lórí ẹ̀?"

Bàbá wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú.

"Ibi tí o gbà wá, ọ̀dà ẹ̀ ti ń ṣí. Iwájú, n ò tíì kùn ún." Ó ri búrọ́ọ̀ṣì bọ inú garawa. "Jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ kí n kun mẹ́sàn-án yìí tán, kó gbẹ, ká wá máa lọ."